Àdírẹ́sì Méjì ní Kókó

Ọjọ́ Sátidé ni mo fi tipátipá mú ọkọ mi, Oyèkọ́lá, jáde nílé wa ní Òkèrè, ní Wàrí. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju Ìsẹ́yìn lọ: ká kó ẹrù, ká máa lọ sílé. Èmi ò fẹ́ lọ. Wàrí ni mo bí Rodiyat, ọmọ wa, sí, ibẹ̀ náà ni òun ti ń bí ọmọ tirẹ̀. Mo ní kí n mú bàbá yìí rìn káàkiri, bóyá ọkàn rẹ̀ á fà sí ilẹ̀ ibí.

Wàláì, mo ṣiṣẹ́ lásán. Ní Sápẹ́lẹ́, mo ní ká sọ̀ kalẹ̀ wo àwọn ilé àtijọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti padà sínú mọ́tò, tó ń fọn fèrè. Ní Ògharà, mo ra bọ̀ọ̀lì, kò jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán.

“Ìyá Rodiyat, ṣé a ò tíì dé ni?”

“Ẹ̀yin lẹ kúkú ń wa mọ́tò.”

Ní Kókó, ọmọbìnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri, Cynthia, mú wa yí ilé Nánà Olómù ká, olóyè oníṣòwò ńlá ayé àtijọ́, tí wọ́n ti sọ di mùsíọ́ọ̀mù. Ó ní ìbọn ọkọ̀ ogun òyìnbó ló fọ́ Ebróhími, ìlú Nánà, wọ́n sì lé e lọ sí Gánà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó padà, Kókó ló wá kọ́lé sí.

Ọkọ mi yíjú sí mi. “Ṣé o gbọ́? Ó padà sílé.”

“Kò padà sí Ebróhími,” ni mo fèsì. “Ibòmíì ló kọ́lé sí.”

Cynthia gbé ìwé àlejò wá. Ọkọ mi kọ orúkọ rẹ̀. Níbi àdírẹ́sì, ó kọ Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni a ò tíì di àpò kan ṣoṣo. Mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ Òkèrè, Wàrí, gàdàgbà sábẹ́ tirẹ̀.

Cynthia wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. “Daddy, Mummy, una no dey stay one house?”

“Nímọ́tà,” ọkọ mi fi orúkọ mi pè mí jẹ́jẹ́, “mi ò fẹ́ kú síbí.”

“Èmi ò sì fẹ́ lọ máa ṣe àlejò ní Ìsẹ́yìn.” Mo kọjú sí ọmọ náà. “Na one house we dey, my pikin. But e no go tey again. Him dey go Ìsẹ́yìn, me I go stay Wàrí.”

Ohùn ara mi dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.