Lódìkejì Títì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ mílíìkì kúrò nílẹ̀, torí òun ló ṣì ń ká mi lára jù.

Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, kò sí jórinjórin kan tí kò gbà pé mílíìkì ló ń fọ èéfín irin kúrò láyà. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, kí wọ́n tó fọ ọwọ́ pàápàá, agolo mílíìkì ni wọ́n á kọ́kọ́ lu. Bàbá mi, tí gbogbo títì ń pè ní Baba Iná, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju gbogbo wọn lọ. Èmi ni mo máa ń bá a po ó mọ́ omi tútù nínú ife ńlá kan tí òun fúnra rẹ̀ jó ọwọ́ mọ́. Á dà á sọ́fun, á nu irùngbọ̀n, á ní, "Akọ̀wé, èéfín òní ti lọ nìyẹn." Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí èmi ni mò ń wọn irin, tí mo sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná. Ó ní ojú mi dára ju ohun tí èèyàn ń fi ṣòfò lọ.

Ó wù mí kí n tún rí ilé iṣẹ́ yẹn bó ṣe wà nígbà náà. Páànù ló wà lókè, iwájú rẹ̀ ṣí gbayawu sí títì, àwọn géètì tí a ò tíì kùn fara ti ògiri, ilẹ̀ dúdú fún eruku irin. Télọ̀ tó wà lódìkejì á máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, òun àti bàbá mi á sì máa bú ara wọn láàárọ̀ bí ẹni ń kí ara wọn.

"Baba Iná, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń jó irin ni àbí irin ló ń jó yín? Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe dúdú!"

"Ìwọ tó o jókòó sójú kan látàárọ̀, ṣé ìdí ẹ ò tíì ta gbòǹgbò?"

Àárọ̀ tí wọn ò bá bú ara wọn, ṣe ni ó máa ń dà bíi pé ilẹ̀ ò tíì mọ́.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlélógún ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, tí kì í mú nǹkan kan jáde. Nígbà tó yá, bí ó bá ń gun àkàbà, á dúró lágbedeméjì, á fọwọ́ tẹ àyà. "Ó ń sáré," ni yóò wí, "á tún dúró díẹ̀, á tún sáré." Màmá mi ní kó lọ sí ọsibítù. Àwọn jórinjórin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èéfín ló ti pọ̀ jù, kó fi kún mílíìkì tó ń mu. Ti ta la wá gbọ́? Tàwọn jórinjórin náà ni. Agolo kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, inú rẹ̀ le, oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́, èmi sì ń po mílíìkì lọ ràì, mo rò pé bàbá mi ni mò ń tọ́jú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń jó irin ìdìmú fún àtẹ̀gùn ilé ìwé kan, iná kú lójijì. Mo rò pé wọ́n mú iná lọ ni. Ìgbà tí mo gbójú sókè, bàbá mi ti nà gbalaja sílẹ̀, ìbòjú dúdú ṣì wà lójú rẹ̀. Mo kígbe. Télọ̀ sáré kọjá títì tòun ti tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, òun ló bá mi gbé e. Nígbà tí bàbá mi fi máa lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ta ló paná?"

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lára, wọ́n sì gé bín-ín-tín lára kókó tó wú nínú àyà rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé. Dókítà ọkàn jẹ́ obìnrin kúkurú kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó fi wá jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Bàbá, kì í ṣe èéfín o. Sakoidósíìsì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ogun inú ara yín ló ń kóra jọ níbi tí kò sógun, wọ́n wá ń di kókó wẹ́wẹ́ káàkiri. Ó ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín, ó sì ti dé inú iṣan ọkàn báyìí. Apá kan ibẹ̀ wú, apá kan ti dá àpá."

"Kí ló ń fà á?" Màmá mi ló béèrè.

"A ò tíì mọ̀, mà."

Bàbá mi ní, "Àpá yẹn ńkọ́? Kí ló ń bà jẹ́?"

"Iná kékeré kan ló ń sọ fún ọkàn pé kó lù. Tó bá dé ibi àpá, kì í rọ́nà kọjá dáadáa, ọkàn á wá máa lù ségesège. Ọjọ́ kan, ó lè dúró pátápátá."

Bàbá mi mi orí. "Ó yé mi. Oríkèé tí wọn ò jó dáadáa nìyẹn."

Dókítà wá béèrè ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń mu. Èmi ni mo fi ìgbéraga dáhùn pé agolo mílíìkì mẹ́ta ni lójúmọ́, pé mi ò pa á jẹ rí. Bírò rẹ̀ dúró. Ó ṣàlàyé pé àìsàn yìí máa ń mú kí èròjà tó ń mú egungun le pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, pé ti bàbá mi ti kọjá ààlà, mílíìkì sì tún ń dà kún un. Ibẹ̀ ni òùngbẹ àti inú líle ti wá. Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Mo jáde, mo lọ fara ti ògiri níta, mo ń sunkún.

Bàbá mi tẹ̀ lé mi. "Akọ̀wé, ṣé ìwọ lo ní kí n mu ún ni? Èmi ni mo gbọ́ tàwọn tí ò mọ̀ jù mí lọ."

Wọ́n fún un ní oògùn tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun inú ara náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú. Télọ̀ rí i, ó ní, "Baba Iná, ta ló ń bọ́ yín? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti fẹ́ bo ojú!" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìṣòro gan-an ṣì wà níwájú. Dókítà fẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, kí wáyà rẹ̀ wọnú ọkàn. Bí ọkàn bá ṣìwà hù, ẹ̀rọ náà á ta á jí. Inú wa ti ń dùn kó tó fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè jórin mọ́ o, Bàbá. Agbára iná yẹn lè da ẹ̀rọ náà láàmú."

Bàbá mi dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó dágbére fún dókítà, ó sì wá sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi fàáké kọ́rí. Ó ní bí òun ò bá jórin mọ́, kí wá ni òun fẹ́ máa ṣe, ṣé kí òun jókòó kí òun máa ka eṣinṣin ni?

"Kẹ́ ẹ máa mí!" Màmá mi pariwo. "Kẹ́ ẹ ṣáà máa mí, Bàbá Akọ̀wé! Ṣé ìyẹn náà ò tó iṣẹ́ ṣe ni?"

Èmi ń wò ó níbi tó ti ń mí gúlegúle lórí àga, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ, òun sì ń fi irin díwọ̀n ẹ̀mí ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ṣí ilé iṣẹ́ fúnra mi. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo dé ìbòjú rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin ìdìmú tó kù sílẹ̀ ọjọ́sí. Ohun tí mo jó burú jáì. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó jìnnà jù."

Mo mú ọ̀pá iná náà sún mọ́ irin, ó lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá.

"Ó ti sún mọ́ ọn jù báyìí. Gbé e wá."

Mo paná, mo ṣí ìbòjú, ṣùgbọ́n mi ò gbé nǹkan kan fún un. "Ẹ̀yin ẹ máa sọ ọ́, èmi á máa ṣe é. Ẹ lọ gba ẹ̀rọ yẹn sáyà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú."

Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ lágídí?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni a mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ náà sí i láyà.

Bí àga rẹ̀ ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ télọ̀ lódìkejì títì nìyẹn, níbi tí iná wa ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í wo iná náà, etí ló fi ń ṣọ́ mi. Iná tó bá dára a máa dún bí ẹyin tí wọ́n ń dín, kì í já, kì í sì í sáré. Bó bá ti yàtọ̀, á lọgun, "Ó jìnnà o! Rọra! Tún ibẹ̀ yẹn jó!" Àwọn tó ń kọjá rò pé orí rẹ̀ ti yí. Télọ̀ ní òun á fi òwú dí etí. Ẹ̀rọ náà ta á jí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kì í sì í pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń padà sórí àga rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀ kó tó wá sùn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àárò ariwo rẹ̀ ń sọ mí, mi ò purọ́.

Ọjọ́ kan ń bẹ nínú ọdún kejì. Àtẹ̀gùn tó yí po ni mò ń jó, iṣẹ́ tó le jù tí mo tíì gbà. Mo jó oríkèé kan, mo jó òmíràn, ó kù bí ẹyọ mẹ́ta ni mo tó kíyè sí i pé mi ò gbọ́ ohùn Bàbá látìgbà yìí wá. Mo ṣí ìbòjú. Orí rẹ̀ fara ti ògiri, ojú rẹ̀ dì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí ẹsẹ̀ láìmira. Télọ̀ ò sí níbẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun ọwọ́ mi nù, mo ya lu títì, awakọ̀ kan tẹ fèrè, ó bú mi, mi ò wẹ̀yìn. Mo di èjìká rẹ̀ mú.

Ó lajú. "Kí ló dé?"

"Ẹ ò sọ̀rọ̀!" Mo pariwo mọ́ ọn. "Ẹ dákẹ́ látìgbà yìí, ẹ ò sọ nǹkan kan sí mi!"

Ó wò mí bíi pé èmi ni ara mi ò yá.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?" ó ní. "Mò ń gbọ́ ẹ. O ò ṣe àṣìṣe kankan."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tèmi taṣọ iṣẹ́, mo sì sunkún níṣojú gbogbo títì.