Adìẹ Tí Tíṣà Lazarus Pààrọ̀

Bí a kò bá ní purọ́, ẹsẹ̀ Lazarus Ọláníran dára. Ó gùn, iṣan rẹ̀ le, ó sì ń dán gbinrin. Ẹni tó ni ín kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ní Lálúpọn níbi tó ti ń ṣe tíṣà, ṣòkòtò gígùn ni àwọn tíṣà yòókù ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lazarus nìkan ló rí i pé péńpé ló bá ìjọsìn mu jù, pẹ̀lú àdín àgbọn láti orúnkún dé kókósẹ̀.

Ní ọdún 1960, wọ́n kéde pé àwọn tíṣà yóò sáré ìje máìlì kan ní Ìbàdàn nígbà tí a bá gba òmìnira ní oṣù kẹwàá. Láti ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Lazarus ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè, ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó bá pàdé rẹ̀ a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá nǹkan kan ń lé e bọ̀.

"Tíṣà, ta ló kú?" Sàníù tí oko rẹ̀ wà nítòsí bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò sẹ́ni tó kú. Ara ni mò ń mú le."

"Ara? Ẹ gba ọkọ́ yìí. Ẹ bá mi kọ igba ebè, ara yín á le, iṣu tèmi náà á sì ta."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan ní oṣù keje, Lazarus rí àwọn obìnrin tó ru gàrí bọ̀. Kòtò kan wà níbẹ̀ tó máa ń yà fún lójoojúmọ́. Lójú àwọn obìnrin, yíyà kò bójú mu. Ó fò ó. Fífò náà dára, gbogbo wọn ló jẹ́rìí sí i. Bíbalẹ̀ ni kò dára. Egungun ojúgun ọ̀tún dá bí igi gbígbẹ.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Yésúfù ni wọ́n gbé e lọ. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni kí wọ́n máa to egungun, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ọwọ́ wọn láti Lálúpọn dé Ẹgbẹ́dá. Wọ́n tẹ egungun padà sípò, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi ọparun tí wọ́n là pẹlẹbẹ há a, wọ́n sì dì í. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú àgbébọ̀ pupa kan, wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n dì í bákan náà, bí àwọn baba wọn ti ń ṣe.

"Tíṣà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń gba ìtọ́jú yìí. Gbé e lọ sílé. Ọjọ́ tó bá rìn láìtiro ni n ó wá tú ọ. Kó tó dìgbà náà, má fi ẹsẹ̀ yìí kan ilẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, adìẹ ṣì ń tiro. Kò kánjú, kò ní ìje kankan níwájú. Lazarus ní in. Wọ́n sì sọ fún un pé Hezekiah, tíṣà kan ní Akanran, ti ń sáré láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

"Mojí," ó pe ìyàwó rẹ̀, "lọ ra àgbébọ̀ pupa mìíràn lọ́jà. Èyí tó ń rìn."

Mojí wò ó títí. "Bàbá Láyí, ẹsẹ̀ adìẹ lẹ fẹ́ fi sáré ni, àbí tiyín?"

"Èmi ni mo mọ ara mi. Egungun yìí ti so."

"Bó bá ti so, kí ló ń mú yín pa eyín keke tẹ́ ẹ bá yíra padà?"

"Tíṣà ni mí, Mojí."

Ìyẹn kò dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n òun ló parí rẹ̀. Mojí ra adìẹ tuntun, ó dì í lẹ́sẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ó sì gbé èyí tó ń tiro lọ sílé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Yésúfù tí wọ́n ránṣẹ́ pè dé, adìẹ ń yan káàkiri àgbàlá. Ó yẹ kí wọ́n mú un, kí wọ́n tẹ egungun rẹ̀ wò. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pàtẹ́wọ́ ná.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún! Baba tó bí mi kò ṣe irú rẹ̀ rí!"

Wọ́n tú okùn. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Lálúpọn ti gbọ́, láti ẹnu Bàbá fúnra wọn.

Lọ́jọ́ kẹrin, Lazarus padà sí ẹ̀bá ojú irin. Kò tíì sáré tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Sàníù ló pọ̀n ọ́n délé. Bàbá Yésúfù wá, wọ́n tún un dì. Lọ́jọ́ òmìnira, àwọn ọmọ iléèwé kọrin kọjá lójú fèrèsé. Lazarus kọjú sí ògiri. Egungun náà so nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wíwọ́ ló so.

Lẹ́yìn náà ni Mojí mú ìròyìn wálé. "Bàbá Yésúfù ti kó ọparun wọn dà sígbó. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti kú. Fàtímọ̀, ìyàwó Sàníù, ṣubú lódò lánàá, apá rẹ̀ ṣẹ́. Ó lọ bá wọn, wọ́n ní kó máa lọ."

Lazarus fa aṣọ bo ojúgun rẹ̀.

"Ẹ ò ní wí nǹkan kan?"

"Kí n wí fún gbogbo ìlú pé tíṣà pààrọ̀ adìẹ?"

"Apá Fàtímọ̀ ò mọ ẹni tó ń jẹ́ tíṣà o."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ. Bàbá Yésúfù àti àwọn ọkùnrin tó ti mọ́sáláṣí dé jókòó níwájú ilé, Sàníù wà láàárín wọn. Lazarus fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbà, ó dùbúlẹ̀ bó ti mọ.

"Bàbá, ọwọ́ yín ò kú. Adìẹ ọjọ́ kìíní kọ́ lẹ rí. Mo pààrọ̀ rẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó rí ojú Bàbá, ó gbé ẹ̀rín mì.

"Mi ò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyìn ló dùn létí mi." Wọ́n dìde. "Sàníù, lọ mú ìyàwó rẹ wá."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojúgun Lazarus láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bí n óò bá tọ́ ọ, àfi kí n tún un ṣẹ́. Wàá rìn dáadáa. Ní ti eré, kò dá mi lójú."

"Ìgbà wo ni, Bàbá?"

"Lẹ́yìn Fàtímọ̀. Jókòó síbẹ̀."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Láìpẹ́, igbe Fàtímọ̀ ta nínú yàrá, ó sì rọlẹ̀. Lazarus na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń dúró kí wọ́n pè é.