Agogo Ọrùn Maluba

Luyando kì í ṣe olódo. Ẹni tó bá ní olódo ni, kó wá bá mi. Ọmọ náà ń kàwé geere bí ẹni ń mumi, àmọ́ tí wọ́n bá ti bi í léèrè ohun tó kà, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀gá Hamoonga, olórí ilé-ìwé wọn nítòsí ìlú Monze ní Zambia, ti wá sọ ọ́ gbangba: bí kò bá dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo títí di ọjọ́ Ẹtì, kíláàsì karùn-ún ló ń padà sí. Mutinta àbúrò rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ìtìjú wo ló jùyẹn lọ? Luyando ò lè mu wàrà kíkan àárọ̀ rẹ̀ tán.

Ìtàn tí wọ́n ń kà náà ò gùn. Bàbá kan ti ìrìn-àjò dé nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti iná, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Ìbéèrè Ọ̀gá ni pé kí ló ń pa bàbá lẹ́kún. Gbogbo kíláàsì ní èéfín ni. Ó kúkú wà nínú ìwé. Luyando nìkan ni kò gbà, kò sì mọ bí ọmọdé ṣe ń sọ pé àgbà purọ́. Ló bá panu mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Mweemba, tíṣà wọn, pín tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ti ya fọ́tò ìtàn náà sínú wọn. "Ẹ má sọ nǹkan kan fún mi," ó ní. "Ibi tó bá mú yín lọ́kàn, ẹ fi ìka ya ohun tí ẹ rí síbẹ̀."

"Mà, tí mi ò bá mọ àwòrán yà ńkọ́?" Chileleko bèèrè.

"Ya èyí tí o mọ̀. Ta ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ?"

Luyando ya agogo kan sójú ìwé kìn-ín-ní, níbi tí àwọn màlúù ti ń wọlé. Ó ya òmíràn sójú ìwé kejì. Lójú ìwé kẹta, níbi tí wọ́n ti ní ilé dákẹ́, ó ya agogo, ó sì fa ìlà pa á. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ Ìyá Mweemba ń gbé gbogbo ohun tóun ń yà jáde gàgàrà lára ògiri.

"Ẹ wo nǹkan," Chileleko ní. "Wọ́n ní bàbá ń sunkún, agogo lòun ń yà."

Ẹ̀rín sọ. Luyando fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Kó tó pa á rẹ́, Ọ̀gá Hamoonga tó gbọ́ ẹ̀rín ti wọlé, ó dúró níwájú ògiri.

"Agogo kí nìyí, Luyando?"

Àwòrán ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì tó kù ò wúwo lẹ́nu mọ́. "Agogo ọrùn Maluba ni, Sà, akọ màlúù bàbá. Ó dún lójú ìwé kìn-ín-ní, ó dún lójú ìwé kejì. Nígbà tí bàbá dé, àwọn màlúù wọlé, kò dún."

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò dún?"

"Wọn ò kọ ọ́, Sà. Wọ́n kàn ní ilé dákẹ́." Ó nàka sí agogo tó fa ìlà pa. "Bàbá ti lọ tà á. Irọ́ ni èéfín."

Àwọn ọmọ tó mọ agogo màlúù ilé wọn kí wọ́n tó mọ ABD, ìwé sọ èéfín fún wọn, wọ́n sì gbà. Chileleko ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò pẹ́, ògiri kún fún ìwo, pátákò àti ọgbà màlúù tó ṣófo.

Ọdún mọ́kànlá ni Ọ̀gá Hamoonga ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn yìí. Gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé lọ́dún ọ̀dá, òun náà ta akọ màlúù tó fi ń túlẹ̀. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nu ojú.

"Sà, kí ló ṣe yín lójú?" Chileleko tún bèèrè, ọmọ aláfojúdi.

"Èéfín ni," Ọ̀gá dáhùn.

Kò síná nínú kíláàsì. Luyando ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn tẹ̀lé e, Ọ̀gá alára rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì Luyando lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Má kúrò níbí o," ó ní. "Ẹni tó bá ní kí o padà sí kíláàsì karùn-ún, ní kó wá rí mi."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Sà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ife wàrà méjì ni Luyando mu, ó sì tún gba ti Mutinta.