Àlàfo Inú Orin Alágbàfọ̀

Kòtíìparí ni wọ́n ń pe alágbàfọ̀ náà ládùúgbò, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Tó bá dá orin sílẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù, tẹ́nì kan bá ní kó kọ ọ́ délẹ̀, èsì kan náà ni: "Kò tíì parí." Aṣọ nìkan ló ń parí lọ́wọ́ bàbá yìí. Ṣẹ́ẹ̀tì á jáde, kọ́là rẹ̀ á dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n orin kankan ò jáde rí.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò jẹ́ kó sinmi. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ilé sílẹ̀ ló dá a. Ọmọ yìí kọ iṣẹ́ ọ́fíìsì tí bàbá ti ń fojú sọ́nà fún, ó ní awakọ̀ tírélà lòun máa ṣe. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Bàbá fìbínú búra lójú ìyá ọmọ náà: "Orúkọ rẹ ò ní jáde lẹ́nu mi mọ́ láyé yìí!" Ọmọ kó ẹrù, ó lọ. Ilé dá wáí, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí bàbá lọ́kàn bó ṣe ń lọ aṣọ:

Ọ̀nà tó o gbà lọ ò tíì dí,
Iná ilé wa ṣì ń tàn,
Mm-mm, mm-mm,
Yà o, wá jẹun.

Ibi tó ti ń kùn bí oyin yẹn ni wàhálà wà. Orúkọ ọmọ náà ló bá ibẹ̀ mu, kò sì lè pè é, torí ó ti búra. Olóríkunkun sì ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ó fi "ọmọ dáadáa" sí i, kò wọlé. Ó fi "arìnrìn-àjò" sí i, ìyẹn tún burú jù. Bó ṣe ń fọṣọ ló ń kùn, bó ṣe ń jẹun ló ń kùn, títí ìyàwó rẹ̀ fi ní, "Bàbá ilé, ẹ pe ọmọ yẹn, kí gbogbo wa sinmi!" Bàbá dìde nídìí oúnjẹ.

Olórin obìnrin kan tó máa ń kó aṣọ wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó gbé àpò aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lórin yìí."

"Kò tíì parí."

"Kí ló kù?"

"Ọ̀rọ̀ kan péré."

"Ẹ jẹ́ ká gbà á sílẹ̀ bó ṣe wà yìí ná, kó má baà sọnù. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, a ó fi sí i."

Bàbá gbà. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ni sitúdíò tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ gbọ́ orin náà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Kí bàbá tó rí ọ̀rọ̀ kankan, orin ti wà lórí rédíò tòun ti mm-mm rẹ̀. Inú bí i débi pé ó fẹ́ lọ fọ́ rédíò onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Wọ́n tì mí síta láìwọ ṣòkòtò!" ló ń pariwo.

Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn gan-an làwọn èèyàn fẹ́. Kálukú ń fi orúkọ ẹni tirẹ̀ dí i. Nọ́ọ̀sì ń fi orúkọ ọmọ tuntun sí i. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ń fi orúkọ aṣọ́lé wọn tó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé ṣáá sí i, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá arúgbó kan wá gba aṣọ, ó ń fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú kọ ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdún yí, òmíràn tún yí, orin ò lọ. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà tó jáde ti ń fi í ṣeré lójú títì. Gbogbo orúkọ ayé ni bàbá gbọ́ nínú orin rẹ̀ àfi ẹyọ kan. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n pè é, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè é. Kò lè jókòó. Á jáde, á wọlé, á tún ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn oníbàárà pọ̀ níta, obìnrin kan wọlé, ó gbé yúnífọ́ọ̀mù awakọ̀ sórí tábìlì. Bàbá ti nawọ́ gbà á kó tó gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ ni. Oòrùn ti mú un dúdú sí i, apá rẹ̀ sì ti le.

"Ẹ káàsán, sà."

Bàbá ń tún yúnífọ́ọ̀mù náà ká. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń kọ orin mi lójú ọ̀nà lọ́hùn-ún?"

"Kò sí gáràjì tí wọn kì í ti í kọ ọ́, bàámi. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tó ń fi sí i."

"Ìwọ ńkọ́? Ta lo ń fi sí i?"

"Mi ò fi ẹnikẹ́ni sí i." Ó wo ilẹ̀. "Tá a bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń dákẹ́ ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni mo ti mọ̀ pé èmi lẹ ò pè."

Omi lé ròrò sí bàbá lójú. Ó ṣe bí ẹni pé ooru áyọ́ọ̀nù ni. Ọmọ náà ò dúró gbọ́ èsì. Ó ní òun á padà wá gba aṣọ, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìbẹ̀rù mú bàbá. Ó lanu, ó fi gbogbo agbára pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ohùn orin náà gẹ́lẹ́ ló sì bá jáde, torí kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà pè é mọ́.

Ọmọ náà dúró. Àwọn oníbàárà tó wà níta rò pé alágbàfọ̀ ń kọrin ni, ni gbogbo wọn bá gbè é tẹ̀rín-tẹ̀rín:

"Yà o, wá jẹun!"