Ogójì Ọ̀rá Ata

4.

…nítorí náà, kì í ṣe iná ni kò jẹ́ kí ata hù. Iná ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sàláhúdéènì oníná ti wá láti Kpata, tó sún mọ́ tábìlì, tó fọwọ́ kan gílóòbù gígùn méjèèjì, tó sì ní òun ò rí àléébù kankan. Ó ní kí Títílọpẹ́ lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ síbòmíràn.

1.

(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Ẹ má bínú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó ni mo ṣe ń tò ó, kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀.)

Ohùn Ìyá, nínú fóònù Títílọpẹ́. Wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Agbaja, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ìyá tó kú:

"Ilé àti ilẹ̀, ti Martha ni. Ata mi, ti Títílọpẹ́. Mo ti wí. Ẹ má jà."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ta ló ń fi ata ṣe ogún? Títílọpẹ́ tó jẹ́ àbúrò kò rẹ́rìn-ín, Martha tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n náà kò rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì mọ ata náà. Ó kéré, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, bí wọ́n bá sì ń lọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ á ti pàdé èèyàn lójú ọ̀nà. Ìyá ìyá wọn ló gbé e wá sílé ọkọ. Kò sí irú rẹ̀ ní Kpata, kò sí ní ibi kankan tí Títílọpẹ́ ti jẹun rí.

2.

Òfin Ìyá lórí ata:

— Èyí tó bá pọ́n jù lórí igi ni kó o fi ṣe irúgbìn. Má jẹ ẹ́, bó ti wù kó wọ̀ ọ́ lójú.

— Òòrùn ni kó o sá a sí. Òòrùn nìkan.

— Ata kì í ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Gbé e sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ẹ gbé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà dé.

— Má fi ọwọ́ yẹn nu ojú, mo tún ti sọ ọ́ o.

3.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Títílọpẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí Agbaja, ọ̀nà náà sì gbo ìdí rẹ̀ dáadáa. Martha mú ọ̀rá dúdú kékeré kan jáde. Kò gbé e sílẹ̀. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì ká ìka rẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Gba ogún rẹ," ni Martha wí.

Títílọpẹ́ rí i. Ó rò ó pé ọ̀fọ̀ ló mú kí ẹ̀gbọ́n òun gbàgbé òfin.

5.

ÀKÍYÈSÍ

Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ PA INÁ YÌÍ.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ GBA AṢỌ, KÓ KAN ILẸ̀KÙN.

ẸNIKẸ́NI KÓ MÁ BI MÍ BÓYÁ Ó TI HÙ.

(A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá Títílọpẹ́ aránṣọ, ní àdúgbò Crusher. Yàrá kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ló ń sùn. Kò ní ilẹ̀, ewúrẹ́ onílé sì ń jẹ ohunkóhun tó bá yọrí ní àgbàlá. Ìdí nìyẹn tó fi gbin ata sínú ilé. Ó gé orí ogójì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ó dá ihò sí ìdí wọn, ó jọ iyẹ̀pẹ̀ sínú wọn, ó sì fi horo mẹ́ta mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló tò wọ́n sí, iná sì wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin lókè wọn, láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti wá ń gé aṣọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, ó fẹ́ gbé wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé ní Agbaja, síbi tí Ìyá ń gbìn wọ́n sí. Horo mẹ́fà péré ló kù nínú ọ̀rá dúdú.)

7.

Ọjọ́ kẹjọ. Kò hù.

Ọjọ́ kejìlá. Kò hù.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Títílọpẹ́ bẹ iyẹ̀pẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún.

8.

Wasáàpù

TÍTÍ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí. Ọjọ́ kọkànlélógún rèé. Ẹyọ kan ò hù.

MARTHA: Okun o, pẹ̀lẹ́. Ó mà ṣe o.

TÍTÍ: Bí Ìyá ṣe ń ṣe é gan-an ni mo ṣe é.

MARTHA: Ọwọ́ ló ń mú ata hù. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́.

MARTHA: Tàbí Ìyá ló kọ̀. Ìwọ náà ṣáà mọ iye ìgbà tó o wá nígbà tó ń ṣàìsàn.

9.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni.

10.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe Títílọpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi iyọ̀ sí lójú egbò. Ó gé apá aṣọ oníbàárà kan kúrú jù. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìdajì Crusher, ó sì gbà pé ọwọ́ burúkú ni. Ó sunkún. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú, níwájú ọ̀rá omi.

Èyí ni mi ò lè dárí jì. Ìyókù, bóyá.

12.

Sàláhúdéènì ló ní kí wọ́n dán ọwọ́ náà wò. Ó ra ata rodo kan lọ́jà Kpata, ó là á, ó ka horo mẹ́wàá. Ó ní kí Títílọpẹ́ gbìn wọ́n fúnra rẹ̀, sínú iyẹ̀pẹ̀ kan náà, lábẹ́ iná kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, bí tábìlì náà ṣe rí látòkè nìyí:

○○○○○○○○○○
○○○○○○○○○○
○○○○○○○○○○
○○○○○○○○○○
●●●●●●●●●○

Ìlà mẹ́rin òkè, ata Ìyá.

Ìlà ìsàlẹ̀, ata ọjà: mẹ́sàn-án ti hù.

Ọwọ́ kan náà.

13.

Mọ̀ríámọ̀ ti ń ta ata gbígbẹ ní Kpata láti ìgbà tí Títílọpẹ́ ti wà ní ilé ìwé. Títílọpẹ́ da horo mẹ́fà tó kù sórí àtẹ rẹ̀, pẹ̀lú èèpo tó lẹ̀ mọ́ wọn. Mọ̀ríámọ̀ fi èékánná la ẹyọ kan, ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dànù. Ó ní ata bíbọ̀ ni. Àwọn tó ń ta á máa ń rì í sínú omi tó ń hó kí wọ́n tó sá a, kó lè tètè gbẹ, kó má baà jẹrà. Ó dára fún ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti pa ohun tó wà nínú horo.

"Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló ń bọ̀ ọ́," ni Mọ̀ríámọ̀ wí. "Ẹni tó fẹ́ gbìn ín kì í bọ̀ ọ́."

Títílọpẹ́ ní bóyá ẹ̀gbọ́n òun ló ṣi ọ̀rá mú. Mọ̀ríámọ̀ di horo tó kù padà, ó gbé e sílẹ̀ lórí àtẹ, ó sì yọwọ́ kí Títílọpẹ́ tó nawọ́ sí i.

11.

(Mo fa ìpín yìí ya, mo tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ti Martha ni.)

Ọdún mẹ́ta ló fi fọ aṣọ Ìyá. Òun ló ń gbé e jókòó, òun ló ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Òun náà ló ń bu omi sí ìdí ata, tó ń ká a, tó ń gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n wá pín ogún, ilé tó ń jò ni wọ́n fún un. Ata tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, ẹni tó ń gbé ní Crusher ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ó dun Martha. Mo gbà pé ó dùn ún.

14.

Fóònù. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

TÍTÍ: Àǹtí, ó ti hù.

MARTHA: Kí ló hù?

TÍTÍ: Ata Ìyá. Ogójì ọ̀rá, kò yẹ ọ̀kan.

MARTHA: Irọ́ lo ń pa.

TÍTÍ: Ó ti ga tó ìka méjì.

MARTHA: Títí, kò lè hù.

15.

Kò ní kò hù. Ó ní kò lè hù.

14, ìyókù.

TÍTÍ: Kí ló dé tí kò fi lè hù, Àǹtí?

MARTHA:

TÍTÍ: Àǹtí.

MARTHA:

16.

Fóònù ṣì ń ka ìṣẹ́jú. Títílọpẹ́ ń gbọ́ mímí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń gbọ́ adìẹ Agbaja, ó ń gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí Ìyá máa ń ní kí wọ́n bá òun fi epo sí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni ata wà, bí Martha kò bá tíì fà á tu. Bí òun bá bú u báyìí, ìjà dé, irúgbìn tó kù láyé sì wà lọ́wọ́ Martha. Bí òun bá bẹ̀ ẹ́, ohun tó jẹ́ tòun ni òun ń tọrọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Lábẹ́ iná, ata ọjà mẹ́sàn-án ti ń yọ ewé kejì.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tíì sẹ́ni tó pa fóònù.