Èjìká Ta Ni Èyí?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi pariwo lé Apá-Irin lórí, títí ọ̀nà ọ̀fun fi ń ta mí. Ọmọbìnrin yìí ń ṣe búrẹ́dì láàárọ̀, ó ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀ lọ́sàn-án. Ìyẹ̀fun tó ń pò lójoojúmọ́ ló sọ apá rẹ̀ di irin. Ṣùgbọ́n bó bá ti sáré dé ojú ìlà báyìí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á wálẹ̀, ara rẹ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ilé tó fẹ́ wó. Ọ̀kọ̀ á gbéra bí èéfín, á sì já lulẹ̀ nítòsí.

"Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè! Na ẹ̀yìn! Má tẹ̀! Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

Á tún jù ú. Á tún tẹ̀.

Èmi tí mo ti ń kọ́ni láti ọdún mọ́kànlélógún! Mo gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Wò mí dáadáa. Báyìí." Mo fi ara ṣàpèjúwe fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ogún.

"Bí ẹ ṣe ṣe é náà ni mo ṣe é yẹn, sà."

"Ṣé o fẹ́ máa bá mi jiyàn ni?"

"Rárá o, sà."

Orí mi gbóná. Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀, mo gbé e lọ sílé kí n lè mọ ohun tó ń dà á láàmú.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, èmi jókòó sí ìdí tábìlì, mò ń jẹ́ kí fídíò náà rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ dára. Ìbàdí yí bó ṣe yẹ. Ó wá ku èjìká.

"Ẹ gbà mí o! Ta ló rán ọmọ yìí sí mi?"

Ìyàwó mi dá iṣẹ́ dúró. "Ẹ jẹ́ n rí i, kílé lè rójú." Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èjìká ta ni èyí?"

"Ti Apá-Irin ni. Ta tún ni?"

"Tiyín ni, ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí alùpùpù ti gbá yín, èjìká ọ̀tún yín ò bá tòsì dọ́gba mọ́. Ṣé ẹ rò pé ṣẹ́ẹ̀tì yín kàn ń ṣe rẹ́gí fúnra rẹ̀ ni? Mo máa ń gé ọ̀tún wálẹ̀ ni."

"Ọdún mẹ́jọ! O ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ni?"

Mo ní kí ni aránṣọ mọ̀ nípa ọ̀kọ̀. Inú bí mi wọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo na fóònù sí Apá-Irin. "Ó yá, ya èmi náà."

A jọ wò ó. Bàbá kan wà nínú fídíò yẹn, ìgbọ̀nwọ́ nílẹ̀, ara ní títẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí lóòótọ́. Ẹlòmíì ní í bá ni rí tẹni. Apá-Irin ò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn.

"Má bínú," mo ní. "Èmi ni mo kọ́ ẹ ní àṣìṣe yẹn."

"Mo ti sọ fún yín, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ohun tí ara bá ti mọ̀, kì í tètè gbàgbé. Mo so okùn sáàárín òpó méjì, ó ga dé etí rẹ̀. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá wálẹ̀, okùn ni yóò gbá, okùn ni yóò sì bá a wí, kì í ṣe èmi. Mo pinnu pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n ó máa sọ tó bá jù ú tán. Ẹ̀yin èèyàn mi, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, okùn já lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ju ọ̀kọ̀ lu ògiri. Mo yíjú sí ògiri, mo bú u. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ọ̀kọ̀ fò tààrà, ó jìnnà, ó gúnlẹ̀ ṣinṣin.

Nígbà tí ìdíje dé, ipò kẹta ló gbà. Nígbà tó ju èyí tó kẹ́yìn, ara rẹ̀ tún tẹ̀, ipò kejì sì fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀, ó na fóònù sí mi, fídíò èyí tó jù kẹ́yìn ló wà lórí rẹ̀. "Sà, kí ni mo ṣe níbí yìí?"

Nǹkan márùn-ún ló kún mi lẹ́nu. Mo gbé wọn mì.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," mo ní. "Sùn."