Iyán Tí Kò Wá Ìbò

Láti ìgbà tí ìbò ti kọjá, kò sẹ́ni tó ń gba ọ̀fẹ́ ní Rore láìbéèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tó rán an wá. Ó ti sú wa. Ẹni tó há ìrẹsì fún wa ló ṣèlérí omi. Ẹ̀rọ omi náà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò rẹ̀, kò sì tún yọ omi mọ́. Nígbà tí Eunice, ìyá Ṣẹ́gun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gé koríko ojú ọ̀nà kànga, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bi í bóyá ipò káńsílọ̀ ló fẹ́.

Aládùúgbò rẹ̀ ni Lawrence, tí a ń pè ní Bàbá Motún. Bàbá já bọ́ látorí igi ọsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, kò lè rìn dé ilé ìdáná. Motún ọmọ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, kò sì ní í dé títí di Sátidé. Gààrí gbígbẹ ni bàbá ń jẹ. Eunice gbọ́, ó gún iyán, ó gbé e lọ.

Bàbá dúpẹ́, ó ní kó máa gbé e padà. Ó ní òun kò ní í fi ìbò òun jẹun mọ́ láé. Eunice ṣàlàyé pé òun kò du ipò kankan. Bàbá ní bí ẹni ìrẹsì náà ṣe wí nìyẹn, kó tó di pé pósítà rẹ̀ bo gbogbo ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Eunice tún gbé iyán wá, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Bàbá kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kùn débi pé ewúrẹ́ tó sùn lẹ́nu ọ̀nà gbórí sókè. Sùúrù Eunice tán.

"Bàbá Motún, agídí yín ló gbé yín gun igi ọsàn pẹ̀lú ọjọ́ orí yín, òun náà ló jù yín sílẹ̀. Aṣọ ọrùn yín ń rùn. Bí mo bá tilẹ̀ ń du ipò, n ò ní í fẹ́ ìbò yín, torí ẹ máa ba àpótí jẹ́."

Bàbá rọra yíjú padà. Ó wò ó títí. Gbogbo àwọn tó ti wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó sọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀.

"Kò sí olóṣèlú tó lè sọ èyí sí mi lójú," ó ní. "Gbé abọ́ yẹn súnmọ́ mi."

Ó jẹ iyán náà tán, ó ní ọbẹ̀ kò níyọ̀ tó. Eunice ní ẹnu rẹ̀ ni kò níyọ̀.

Nígbà tó délé, ìtìjú mú un pé òun bú àgbàlagbà. Nítorí náà, bó ṣe gbé oúnjẹ dé lọ́jọ́ kẹta, ó kúnlẹ̀, ó pè é ní bàbá rere, ó béèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọwọ́ bàbá dúró kó tó dé inú abọ́.

"Ìyá Ṣẹ́gun," ó ní, "kọ́kọ́ bú mi ná."